Ìlà àwọn aláìsàn kò dínkù lẹ́yìn gbogbo ẹ̀kọ́ ìṣàkóso: níbo ni tíọ́rì àti iṣẹ́ ti ń pàdé?

Alákòóso_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ ìṣàkóso. Èmi ni alákòóso ètò ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn, tí ó ní àwọn dókítà mélòó kan, àwọn nọ́ọ̀sì, ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ibi ìgba oògùn tirẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni mo parí ẹ̀kọ́ ìṣàkóso tí mo ń lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, n kò sì lè sọ pé ẹ̀kọ́ náà kò wúlò, nítorí pé ó jẹ́ kí n lè ṣàlàyé ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo ti ń fi ojú rí tipẹ́.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ nìyí. Àwọn aláìsàn tó wá rí dókítà, tí wọn yóò sì padà sílé lọ́jọ́ náà, ń pẹ́ jù lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá dé ní aago méje àárọ̀ lè má kúrò títí di aago kan ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ni dókítà kì í sábà lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ pẹ̀lú rẹ̀. Wọn yóò tò síbi tí a ti ń gba káàdì, wọn yóò tò síbi ìsanwó, wọn yóò tò sẹ́nu ọ̀nà dókítà, bí dókítà bá sì ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn yóò tún padà lọ tò síbi ìsanwó kí àwọn aláyẹ̀wò tó lè dá wọn lóhùn, bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n tó gba oògùn.

Mo pe ìpàdé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo ya àwòrán egungun ẹja tí Kaoru Ishikawa ará Japan gbé kalẹ̀, mo kọ ìṣòro náà síbi orí ẹja, mo sì ní kí olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó ń fà á. Kí ìpàdé náà tó parí, egungun ẹja ti kún: òṣìṣẹ́ kò tó, iná kì í dúró, owó kò sí, àwọn aláìsàn kì í gbọ́ràn. Nígbà tí mo wá fẹ́ béèrè "kí ló fà á?" lẹ́ẹ̀marùn-ún bí àwọn ará Toyota ṣe máa ń ṣe, ẹ̀ẹ̀kejì ni ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu wọn, oníkálukú sì ń wo ìwé iwájú rẹ̀. A ra kọ̀ǹpútà fún ibi káàdì, a fi òṣìṣẹ́ kan kún àwọn tó wà níbẹ̀, síbẹ̀ àkókò tí àwọn ènìyàn ń lò lọ́dọ̀ wa kò yí padà.

Ṣé àwọn tíọ́rì yìí ni kò bá ilẹ̀ wa mu ni, àbí bí a ṣe ń lò wọ́n? Báwo ni ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ṣe ń mú ohun tí ẹ kà wọ inú iṣẹ́ tí ó fi ń yanjú ìṣòro gidi? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọjọ́ Ajé ni mò ń wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyànjú.

Ọ̀gá_Iléeṣẹ́_Ọ̀tà

Ẹ kú làálàá, ọ̀gá. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ike ni mò ń bójú tó, kì í ṣe ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ìlà ni ìlà ń jẹ́, yálà ènìyàn ló tò tàbí ọjà.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé inú yàrá ìpàdé ni ẹ ti béèrè ìbéèrè tí a dá sílẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Taiichi Ohno, ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tó dá ètò iṣẹ́ Toyota sílẹ̀, gbajúmọ̀ fún fífi ṣọ́ọ̀kì fa òbìrípo sílẹ̀ níbi iṣẹ́, tí yóò sì ní kí ọ̀gá kan dúró sínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí ó máa wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè "kí ló fà á?" máa ń so èso níbẹ̀ nítorí pé ẹ̀rí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan wà nílẹ̀ tí gbogbo ènìyàn lè fojú rí. Nínú ìpàdé yín, olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń dáhùn lórí ohun tí kò wò dáadáa, ó sì ń dáàbò bo ẹ̀ka tirẹ̀. "Owó kò sí" kì í ṣe ohun tó ń fa nǹkan, nítorí pé kò sí ibi tí ẹ lè lọ láti wò ó bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, tíọ́rì kan wà tó kan ọ̀rọ̀ yín gan-an ju egungun ẹja lọ. John Little, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1961 pé iye ènìyàn tó wà lórí ìdúró, ní ìṣirò àárín, dọ́gba pẹ̀lú iye tó ń dé ní wákàtí kan, ní ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú iye wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò. Ká ní ènìyàn 20 ń dé ní wákàtí kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń lo wákàtí 5, ènìyàn 100 ni yóò máa wà lórí bẹ́ǹṣì yín. Òmíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò fẹ́ gbọ́. Bí àwọn ènìyàn bá ń dé láìsí ètò, tí iṣẹ́ oníkálukú wọn kò sì gba àkókò kan náà, ẹni tó ń dá wọn lóhùn, tí ọwọ́ rẹ̀ sì dí fún ìdá 80 nínú 100 àkókò rẹ̀, yóò máa ní ènìyàn bí 4 lọ́dọ̀ ní ìpíndọ́gba. Bí ó bá di ìdá 90, wọn yóò di 9. Bí ó bá di 95, wọn yóò di 19. Ẹ wò ó pé iṣẹ́ tó lé díẹ̀ ló mú kí ìlà di ìlọ́po méjì. Inú wa máa ń dùn tí a bá rí i pé ọwọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ dí, bẹ́ẹ̀ ibi tí ọwọ́ ti dí jù ni ìlà ti ń gùn.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Ajé, ẹ fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé kan lẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹni tó bá gbà á níbi kọ̀ọ̀kan kọ aago tó dé àti aago tó kúrò. Ẹ má ṣe béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka kankan títí ẹ ó fi ní ìwé wọ̀nyẹn lọ́wọ́.

Ní ti ìbéèrè yín bóyá ó bá ilẹ̀ wa mu, wọ́n béèrè irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà náà. General Motors ti iléeṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ tó wà ní Fremont, ní Kalifọ́níà, pa ní ọdún 1982. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í wá síbi iṣẹ́ déédéé, ọkọ̀ tó ń jáde níbẹ̀ kò sì dára. Ní ọdún 1984, General Motors àti Toyota jọ ṣí i padà, wọ́n pè é ní NUMMI. Ilé náà ni, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ náà ni, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọkọ̀ ibẹ̀ fi di ara àwọn tó dára jù ní General Motors. Okùn kan wà níbẹ̀ tí òṣìṣẹ́ èyíkéyìí lè fà bí ó bá rí àléébù, kí iṣẹ́ lè dúró. General Motors gbìyànjú láti mú ètò yìí lọ sí Van Nuys, ní Kalifọ́níà kan náà, ṣùgbọ́n kò rí i ṣe níbẹ̀, wọ́n sì ti iléeṣẹ́ náà pa ní ọdún 1992. Okùn rọrùn láti rà. Ohun tó ṣòro ni kí òṣìṣẹ́ fà á, kí olórí rẹ̀ sì sáré wá ràn án lọ́wọ́ dípò kí ó wá bú u.

Olùkọ́_Ìṣàkóso

Mo fara mọ́ ohun tí Ọ̀gá Ọ̀tà sọ, ṣùgbọ́n n kò gbà pé wíwò nìkan tó. Ẹni tó bá dúró sínú òbìrípo ṣọ́ọ̀kì láìní èrò kankan lọ́kàn yóò kàn rí àwọn ènìyàn tó ń lọ tó ń bọ̀ ni.

Chris Argyris àti Donald Schön, àwọn onímọ̀ ará Amẹ́ríkà méjì, la ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀nà méjì: tíọ́rì tí a ń fẹnu sọ pé a ń tẹ̀ lé wà, tíọ́rì tí ìwà wa ń fi hàn pé a ń tẹ̀ lé sì wà. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú yìí wo ohun tí Alákòóso kọ. Ìpàdé egungun ẹja jẹ́ èyí tí wọ́n fẹnu sọ. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n rà fún ibi káàdì ni èyí tí wọ́n tẹ̀ lé, ohun tó sì ń sọ ni pé ibi káàdì ló ń fa ìdádúró. Tíọ́rì nìyẹn pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó dán an wò kí owó tó jáde. Nítorí náà n kì í gbà bí ọ̀gá kan bá sọ pé òun kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú tíọ́rì. Ẹni tó gbà pé ọ̀lẹ ni òṣìṣẹ́ rẹ̀, tó sì ń gé owó oṣù wọn, tíọ́rì ni ó ń lò, ó kàn jẹ́ pé kì í yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Tíọ́rì kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ti gbà pé ó wà nílẹ̀. Bíbéèrè "kí ló fà á?" lẹ́ẹ̀marùn-ún gbà pé ẹni tí a bi ní ìbéèrè lè sọ òtítọ́ níwájú ọ̀gá rẹ̀ láìfara gbá a. Ẹ rò ó wò: nọ́ọ̀sì wo ni yóò dìde níwájú dókítà àgbà, tí gbogbo ilé ń wò ó, tí yóò sọ pé dókítà ni kì í tètè jókòó? Lójú tirẹ̀ àti lójú àwọn tó tọ́ ọ, àrífín ni. Dídákẹ́ tí wọ́n dákẹ́ kò fi hàn pé wọn kò mọ̀.

Reg Revans, ará Gẹ̀ẹ́sì tó bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá níbi ìwakùsà èédú lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, rí irú èyí. Ó kó àwọn ọ̀gá ibi ìwakùsà tí ipò wọn dọ́gba jọ ní ẹgbẹ́ kéékèèké, kí wọ́n máa bi ara wọn ní ìbéèrè lórí ìṣòro gidi tó wà níwájú oníkálukú, kí wọ́n lọ ṣe nǹkan sí i, kí wọ́n sì padà wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, ó lo irú ọ̀nà yìí ní àwọn ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ẹ lè mú níbẹ̀ ni pé kí ẹ kó òṣìṣẹ́ káàdì kan, akápò kan, nọ́ọ̀sì kan àti aláyẹ̀wò kan jọ, tí olórí wọn kankan kò ní sí níbẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n tẹ̀ lé aláìsàn kan láti ẹnu ọ̀nà títí yóò fi lọ. Ẹ má béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìtẹ̀léra.

Atẹ̀wé_Ṣómólú

Ẹ dákun, kí ẹ má bínú sí mi o. Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, n kò mọ Ishikawa, n kò sì mọ Revans. Bí ẹ̀rọ bá dẹnu kọlẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ni à ń pè. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ̀yin alákọ̀wé fò dá. Kí ló dé tí aláìsàn fi ń san owó lẹ́ẹ̀mẹ́ta? Kì í ṣe pé àwọn tó ni ilé ìwòsàn náà kò lọ́gbọ́n. Àwọn aláìsàn kan ti gba ìtọ́jú lọ láìsanwó rí ni. Ìlà ìsanwó yẹn, ẹ̀ṣọ́ ni. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò nítorí pé ìwé sọ pé ó ń fa ìdádúró, gbèsè ni yóò wọlé, alákòóso ni wọn yóò sì kọ́kọ́ bi.

Alákòóso_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ti fún àwọn aláìsàn ní ìwé pélébé náà, mo sì ti kó àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin jọ bí Olùkọ́ ṣe wí.

Ibi káàdì kò gba àkókò mọ́ rárá. Ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe fún wa ni pé ó ń tètè kó àwọn ènìyàn kúrò ní bẹ́ǹṣì káàdì lọ sórí bẹ́ǹṣì dókítà. Ó ju ìdajì àwọn aláìsàn lọ tó ti dé kí aago mẹ́jọ tó lù, nítorí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé la máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn, àwọn dókítà kì í sì í jókòó títí di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n pẹ́ dé o. Wọ́n ti wà nínú ilé ìwòsàn láti aago mẹ́jọ, gbogbo wọn ló kọ́kọ́ ń lọ wo àwọn tó dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Akápò ló sọ èyí fún mi, kì í ṣe dókítà kankan, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn dókítà, ìsanwó ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta ló tún ń gba àkókò jù, òótọ́ sì ni ohun tí Atẹ̀wé sọ, gbèsè tí àwọn kan jẹ sá lọ nígbà kan ló bí òfin náà.

Dókítà tó ni ilé ìwòsàn ti rí àwọn ìwé náà. Ó ní kí n gbé òfin kalẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí 2 lọ, kí a sì máa gé owó ẹ̀ka tó bá kọjá rẹ̀. Kí ni ẹ rí sí i?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà_Leeds

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yẹn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ìjọba pinnu ní ọdún 2000 pé tí ó bá fi máa di òpin ọdún 2004, ẹni tó bá wọ ibi ìtọ́jú pàjáwìrì kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí 4 kí wọ́n tó gbà á sí wọ́ọ̀dù, tàbí kí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn, tàbí kí wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí ó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìdá 98 nínú 100 àwọn aláìsàn, wọ́n sì tún sọ ọ́ di 95 ní ọdún 2010. N kò ní parọ́, ìdúró dínkù gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo àkọsílẹ̀ dáadáa, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń kúrò ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wákàtí 4 tó pé, bí ẹni pé àìsàn wọn mọ aago. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ó tún fi gígé owó kún un, ìwé pélébé tó ràn yín lọ́wọ́ yìí ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí pé àwọn tó ń kọ aago sí i ni owó wọn yóò dínkù bí wọ́n bá kọ òtítọ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ dókítà, èyí ti pẹ́ láyé. Norman Bailey, onímọ̀ ìṣirò kan, ṣe ìwádìí lórí irú ìlà yìí ní àwọn ilé ìwòsàn Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1952. Àbá rẹ̀ ni pé kí aláìsàn méjì wà nílẹ̀ nígbà tí dókítà bá jókòó, kí àwọn yòókù sì máa dé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àlàfo tó wà láàárín wọn dọ́gba pẹ̀lú àkókò tí dókítà sábà máa ń lò fún ẹnì kan. Ó rọrùn, ó sì dára, ṣùgbọ́n ó ti gbà pé dókítà yóò jókòó lásìkò àti pé aláìsàn yóò dé lásìkò. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ láti Ìsẹ́yìn kò lè ṣèlérí aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú fún ẹnikẹ́ni. Èmi kò ní lo ìṣẹ́jú. Màá pín àárọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, mẹ́wàá sí méjìlá, méjìlá sí méjì. Màá sì fi àwọn tó ń padà wá fún àyẹ̀wò, tí a ti mọ ọjọ́ wọn tẹ́lẹ̀, sí àwọn méjì tó kẹ́yìn. Àwọn tí ara ń ni kò ní ètò, kí wọ́n máa wá nígbàkígbà.

Kí dókítà kan ṣoṣo jókòó síbi ìtọ́jú láti aago mẹ́jọ, kí àwọn yòókù lọ sí wọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì máa gbà á fún ara wọn láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Dókítà tó bá kọ̀ láti gba òfin títí láé máa ń gba àdánwò ọ̀sẹ̀ kan.

Atẹ̀wé_Ṣómólú

Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Owó ńkọ́?

Ọ̀gá_Iléeṣẹ́_Ọ̀tà

Ẹ má fọwọ́ kan owó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá yí nǹkan méjì padà pọ̀, tí ìlà sì dínkù, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ lè gbìyànjú pé kí àwọn tó ní káàdì tipẹ́, tí wọn kò jẹ gbèsè rí, fi owó kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ṣe ìṣirò tó kù nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Ẹ̀ṣọ́ tí Atẹ̀wé sọ yóò ṣì wà fún àwọn àlejò.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ̀yin àti ọ̀gá yín jọ fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lẹ́yìn náà pé ohun tó wù ú ni òun ti ń retí. W. Edwards Deming, ará Amẹ́ríkà tó kọ́ àwọn ará Japan ní ìmọ̀ nípa ìṣàyẹ̀wò iṣẹ́ ní ọdún 1950, tẹnu mọ́ ọn pé kí a fi ohun tó ṣẹlẹ̀ wé ohun tí a ti sọ tẹ́lẹ̀ kí a tó gbé ìgbésẹ̀ tó kàn. Apá yìí ni àwọn ọ̀gá sábà máa ń fò.

Ẹ kò sì nílò kí ẹ máa fún gbogbo ènìyàn ní ìwé pélébé lójoojúmọ́. Ẹ rántí ìṣirò Little: bí iye tó ń dé kò bá yí padà, tí àkókò tí wọ́n ń lò sì lọ sílẹ̀ láti wákàtí 5 sí 3, àwọn 100 tó wà lórí bẹ́ǹṣì gbọ́dọ̀ di 60. Kí ẹnì kan tí kò sí lábẹ́ ẹ̀ka kankan máa ka orí ní gbogbo wákàtí, láti ìgbà tí aláìsàn àkọ́kọ́ bá dé títí ẹni ìkẹyìn yóò fi lọ, kí ó sì wá ìpíndọ́gba ọjọ́ náà. Bí iye orí kò bá dínkù bí ìwé pélébé bá tilẹ̀ ń sọ pé àkókò ti dínkù, a jẹ́ pé ẹnì kan ń kọ aago tí kò rí nìyẹn.